Ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo ń kọ ìtàn màmá mi, nọ́ọ̀sì

Nígbà tí màmá mi kú, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ní gbólóhùn tó fẹ́ kí n fi sí i: ìyá rere ni wọ́n, aya àtàtà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì tó fi tọkàntara ṣiṣẹ́ sin ọmọ aráyé ni wọ́n. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, mo rí i pé bí mo bá yọ orúkọ màmá mi kúrò níbẹ̀ tí mo fi ti ìyá ẹlòmíì sí i, kò ní yàtọ̀. Lóòótọ́, ìyá ni wúrà. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹni tí kò rí màmá mi rí mọ ìyá tí a ní.

Ọ̀rọ̀ kan tí màmá fúnra wọn máa ń sọ ló là mí lójú. Ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni: ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, o kò ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn lóògùn tí kò kọ ọ́, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún un fún un, kí oògùn wá di ìjàǹbá. Màmá mi sì máa ń fi kún un fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn pé, “Má kọ pé ara rẹ̀ ti yá. Kọ ohun tí o rí.” Kí lo rí? Ó dìde jókòó fúnra rẹ̀. Ó mu omi ìdajì ife. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.5 ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti wálẹ̀ sí 37.4 nígbà tó di aago méjì òru. Ẹni tó bá ka èyí mọ ibi tí nǹkan dé. Ẹni tó bá ka “ara rẹ̀ ti yá” kò tíì mọ nǹkan kan.

Mo wá pinnu pé bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ nípa aláìsàn ni màá ṣe kọ nípa màmá náà: ohun tí wọ́n ṣe, ìgbà tí wọ́n ṣe é, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọjọ́ ìbí, ilé ẹ̀kọ́, ọdún ìgbéyàwó àti iye ọmọ, ojú ìwé kan ti gba gbogbo ìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìyókù.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nílé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí màmá bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, wọn kì í jẹ́ ká dì mọ́ wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Wọ́n á gba balùwẹ̀ lọ tààrà, wọ́n á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sínú ike kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, wọ́n á wẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Èmi àti àbúrò mi á ti dúró síbẹ̀, a ó máa ti ara wa nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ wọn máa ń tutù, awọ rẹ̀ a sì gbẹ, a le, nítorí omi àti ọṣẹ tí kì í jìnnà sí i. Ẹ wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa láti máa fọwọ́ ni ti Ignaz Semmelweis, dókítà kan tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nílùú Vienna, ní Austria. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ni ilé ìwòsàn náà ní. Ní ẹ̀ka tí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń tọ́jú, ibà ẹ̀yìn ìbímọ ń pa àwọn ìyá ju bó ṣe ń pa wọ́n lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí lọ fíìfíì. Semmelweis ṣàkíyèsí pé ibi tí àwọn dókítà ti ń la òkú ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń rọbí. Ní 1847, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n po kiloríìnì mọ́ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó kan aláboyún. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, nínú 100 ìyá tó bímọ níbẹ̀, ó lé ní 18 tó kú. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, kò pé 2 mọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́, ilé àwọn alárùn ọpọlọ ló sì kú sí ní 1865. Màmá mi kì í sọ ìtàn yìí kí inú má bí wọn. “Wọ́n ti rí i, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀,” wọ́n á ní, “síbẹ̀ wọn kò fọwọ́!” Ọmọdé ni wá nígbà náà, a kò mọ ibi tí Vienna wà, ṣùgbọ́n àwa náà á gbọ̀nà ẹ̀rọ omi lọ.

Ti bàbá mi ni mo kọ gùn jù, nítorí níbẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ aya kò yà lọ́wọ́ wọn. A jókòó ti oúnjẹ alẹ́, bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lẹ́nu wọn. Àwa ọmọ rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Màmá ti dìde. Wọ́n ní kí bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan kò gbéra. Wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọwọ́ ọ̀tún ń rọra bọ́ sílẹ̀. Màmá gbójú sókè wo aago ara ògiri, wọ́n fi báírò kọ wákàtí náà sẹ́yìn ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ohùn wọn kò gbọ̀n rárá.

Lẹ́yìn tí ara bàbá ti balẹ̀, mo béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ wákàtí náà. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ, oògùn kan wà tó lè tú u, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un, bó bá sì ṣe tètè wọlé tó ni ó ṣe dára tó. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń béèrè pé ìgbà wo ni ara ẹni náà dá ṣáká gbẹ̀yìn. Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, oògùn lè wà nílẹ̀ kí wọ́n má lè lò ó. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kódà bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù: ẹnu tó ṣàdédé wọ́, ọwọ́ tó ń bọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, ẹ wo aago, ẹ pe ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní kí ó lọ sùn ná.

Bàbá yè, àmọ́ apá ọ̀tún wọn kò lágbára fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wálé, wákàtí méjì-méjì ni màmá ń yí wọn padà lórí ibùsùn, tọ̀sán-tòru. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé egbò ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú awọ. Ibi tí egungun ti tẹ ẹran ara mọ́ ibùsùn ni ẹ̀jẹ̀ kì í ti í ráyè kọjá, ẹran abẹ́ á ti máa kú kí awọ tó là. Ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò jù. Àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́ ní kí wọ́n máa wá ibi tó pọ́n, ṣùgbọ́n màmá kọ́ wa pé lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ẹ̀yìn ìka ni wọ́n fi ń wá ibi tó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, ibi tó le, tàbí ibi tó ti ń dúdú sí i. Wọ́n ki ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun bàbá kí gìgísẹ̀ má bàa kan ibùsùn rárá. Egbò kan ṣoṣo kò dá sí bàbá lára títí wọ́n fi dìde rìn.

Kí màmá tó fọwọ́ kan bàbá, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. “Ọkọ mi, mo fẹ́ yí yín sápá òsì o.” Bàbá á gbé àtàǹpàkò òsì sókè. Láàárín òru, bí mo bá ta jí, ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ láti yàrá kejì. Wọn kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń lọ sí ibi iṣẹ́, tí àwa ọmọ á gba ìyípo náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ wákàtí sí. Nígbà tí mo ń kọ ìtàn yìí, mo béèrè lọ́wọ́ bàbá ohun tí wọ́n fẹ́ kí n kọ nípa aya wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Kọ pé nígbà tí mo rí i tí màmá yín ń kọ wákàtí sẹ́yìn ọwọ́, ẹ̀rù kò bà mí mọ́.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ti èmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, màmá wà nínú yàrá, àmọ́ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n fa ara wọn sẹ́yìn, wọ́n sì ká ọwọ́ sẹ́yìn kí wọ́n má bàa dá sí iṣẹ́ oníṣẹ́. Gbogbo wa ń yọ̀. Ọmọ ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ jẹ́jẹ́ pé, “Mẹ́jọ.” Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, “Mẹ́sàn-án.” Ìgbà yẹn ni omi tó bọ́ lójú wọn, tí wọ́n di ìyá àgbà. Ìdíwọ̀n tí Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1952 ni wọ́n ń kà. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò lára ọmọ tuntun ní ìṣẹ́jú kan àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìbí: àwọ̀ ara rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, bí ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ ṣe lágbára sí, àti bó ṣe ń mí. Òdo sí méjì ni wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá. Bó bá ti dé méje sókè, ọkàn nọ́ọ̀sì a balẹ̀. Màmá kò lè yọ̀ sí ọmọ tí wọn kò tíì kà.

Ohun tó fún mi ní wàhálà ni iṣẹ́ wọn níta. Màmá kì í mú orúkọ aláìsàn wálé. Ẹ̀jẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́, Detroit ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 1893, orúkọ Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó la ọ̀nà fún iṣẹ́ náà, ni wọ́n sì fi pè é. Ó wà nínú ẹ̀jẹ́ náà pé ohun tí nọ́ọ̀sì bá mọ̀ nípa aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Màmá pa á mọ́ títí wọ́n fi wọ ilẹ̀. A mọ ìgbà tí òru kan burú, nítorí wọ́n á jókòó pẹ́ kí wọ́n tó sùn, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo wá tọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo lè sọ èyí fún un láti inú ìrírí: má béèrè irú ènìyàn tí màmá rẹ jẹ́. Ìyìn ni wọ́n máa fún ọ, wàá sì padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Béèrè pé, “Bí wọ́n bá wọ wọ́ọ̀dù, kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe?”

Ìbéèrè yẹn ló tú wọn lẹ́nu. Ọ̀kan ní màmá kì í jókòó láìtíì yí gbogbo ibùsùn ká, wọ́n á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó kàn ń kí i. Ẹsẹ̀ tó tutù nini nígbà tí wọ́ọ̀dù móoru lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, kí ìdíwọ̀n ìfúnpá tó fi hàn. Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ní màmá nìkan ló máa ń bi òun pé, “Kí lẹ rí lónìí?” Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló mọ ẹni tó ń sunkún lóru àti ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ń padà bó ṣe wá. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé màmá mi gan-an nìyí.

Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí wọn gan-an sọ nípa òkú àkọ́kọ́ tó rí lẹ́nu iṣẹ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fẹ́ sá. Màmá kò bá a wí. Wọ́n gbé omi àti aṣọ ìnura wá, wọ́n ní kí ó dúró lápá kejì ibùsùn, wọ́n sì jọ wẹ òkú náà. Màmá ń pe aláìsàn náà lórúkọ bí ìgbà tó wà láàyè: a fẹ́ gbé apá yín, a fẹ́ nu ojú yín. Wọ́n pa ojú rẹ̀ dé, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ gún, wọ́n tún irun rẹ̀ ṣe nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kó lọ mu omi, kó jókòó, kó padà wá nígbà tó bá lè padà wá. Ó sọ fún mi pé bí òun ṣe ń kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ òun nìyẹn títí dòní. Kò pe aláìsàn náà lórúkọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdọọdún, ọjọ́ tí wọ́n bí Nightingale ní 1820, ayé ń ṣe àyájọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn á sì máa pè wọ́n ní áńgẹ́lì. Màmá kì í fẹ́ gbọ́ ọ. “Áńgẹ́lì kì í rẹ̀. Ó ń rẹ èmi.” Nightingale tó gbé àtùpà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Èyí tí màmá bọ̀wọ̀ fún ni Nightingale tó ń kọ iye òkú sílẹ̀. Nígbà tó padà láti ogun Crimea, ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Rọ́ṣíà jà, tó ti lọ sí ní 1854, ó fi ìṣirò hàn pé àrùn tí wọn ì bá dènà pa àwọn ọmọ ogun ju ọgbẹ́ lọ, ó sì ya á sí àwòrán ní 1858 kí àwọn aláṣẹ má bàa lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nítorí ọ̀rọ̀ “ó ń rẹ èmi” yẹn ni mo fi kọ apá tí àbúrò mi kò kọ́kọ́ fẹ́. Mo kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ òru ni màmá kò sí nílé, pé bàbá ló ń di irun wa, tí kì í gún. Mo kọ ọ́ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí oorun gbé wọn lọ níbi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì fún wọn. Ní 2007, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ tó ń da oorun òru rú mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ló pa màmá mi. N kò sọ pé iṣẹ́ alẹ́ ló fà á, kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn nípa ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ náà gba nǹkan lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ wa, ẹni tó bá sì fi ìyẹn pamọ́ kò tíì sọ bí ohun tí wọ́n fún aráyé ṣe tó. Àbúrò mi kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àìsàn náà dé ojú ẹ̀, màmá kọ́ wa níṣẹ́. Wọ́n ní kí a máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó rin omi nu ẹnu wọn nígbà tí wọn kò bá lè mu omi mọ́, kí a fi ìpara pa ètè wọn kó má bàa là. Wọ́n ní kí a máa fún wọn ní oògùn ìrora ní àkókò rẹ̀, kí a má dúró dìgbà tí wọ́n bá ké. Ọ̀dọ̀ Cicely Saunders ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn, obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, tó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn tó ń kú lọ sílẹ̀ ní London ní 1967. Ó ní ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan, ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí wà níbẹ̀. Màmá ní kí a máa sọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí a tó fọwọ́ kan àwọn, kódà bí àwọn kò bá dáhùn mọ́. Bàbá ló ń sọ ọ́ jù. “Ìyàwó mi, a fẹ́ yí ọ padà o.”

Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí gbogbo wa ń kọ nǹkan sí: wákàtí, oògùn, ohun tí a rí. Màmá máa ń ní kí a kà á sí àwọn létí, wọ́n sì máa ń tún un ṣe. Bí ọmọ kan bá kọ pé “wọ́n sùn dáadáa,” wọ́n á ní, “Láti aago mélòó sí mélòó?” Ìwé yẹn ni mo fi parí ìtàn náà. N kò fi ọ̀rọ̀ tèmi kún ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Ìtàn náà kò tíì pé. N kò mọ nǹkan púpọ̀ nípa àwọn ọdún tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, àwọn tí wọ́n sì jọ wà nílé ẹ̀kọ́ ti dàgbà gan-an. Mo ti ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ní òun rántí alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún màmá nìkan, àmọ́ òun kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. A ti dá ọjọ́ tí mo máa lọ bá wọn.